PostgreSQL, MySQL tàbí SQLite: èwo ló mọ orúkọ Ìjẹ̀bú tò?

Bí ẹ bá fẹ́ ra sọ́fítíwíà tí yóò máa tọ́jú orúkọ ọmọ régbérégbé yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ yín ní Ṣágámù, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé dátábéèsì wo, ìyẹn ibi tí sọ́fítíwíà ń kó orúkọ pamọ́ sí, ló wà nínú rẹ̀: PostgreSQL, MySQL tàbí SQLite. Kó wá to orúkọ mẹ́fà yìí níṣojú yín. Bí ábídí Yorùbá ṣe tò wọ́n rèé, torí gb ń tẹ̀lé g, ọ ń tẹ̀lé o, ṣ ń tẹ̀lé s:

Gíwá, Gbádébọ̀, Odùsànyà, Ọbáfẹ́mi, Sùnmọ́nù, Ṣónúgà.

SQLite: Gbádébọ̀, Gíwá, Odùsànyà, Sùnmọ́nù, Ṣónúgà, Ọbáfẹ́mi. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nìkan ló ń wò, Ṣ àti Ọ sì wà lẹ́yìn Z. Ó tó fún ẹni tó ń ka ẹrù ní ọjà Òkè-Ajé. Kò tó fún orúkọ èèyàn.

MySQL 8: Gbádébọ̀, Gíwá, Ọbáfẹ́mi, Odùsànyà, Ṣónúgà, Sùnmọ́nù. Collation (ìlànà títo ọ̀rọ̀) tó ń bá a wá, utf8mb4_0900_ai_ci, kì í ka àmì sí rárá. Ó dáa fún wíwá orúkọ: ẹ tẹ sonuga, Ṣónúgà á jáde, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àmọ́ Òkè àti Ọ̀kẹ́, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí orúkọ kan má ṣe wọlé lẹ́ẹ̀mejì, yóò lé ẹni kejì padà, èyí kò sì tọ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ kankan. utf8mb4_0900_as_cs mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n MySQL kò ní collation Yorùbá kankan.

PostgreSQL: Láti ẹ̀dà 10, ní 2017, ló ti lè lo ICU, àkójọ ìlànà oríṣiríṣi èdè fún sọ́fítíwíà, tó mọ ètò ábídí wa, gb àti gbogbo rẹ̀. Orúkọ collation Yorùbá inú rẹ̀ ni yo-x-icu. Òun ni mo fọwọ́ sí. Kì í ṣe òun ni PostgreSQL ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yàn án, nítorí náà ẹ rí i pé ó wà lórí orúkọ àti lórí index rẹ̀, ìyẹn atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí orúkọ. Bí index bá tẹ̀lé ètò mìíràn, kò ní wúlò fún títo orúkọ náà. Fún wíwá láìsí àmì, kí wọ́n fi ààyè kejì kún un, níbi tí orúkọ yóò wà láìlámì.

Ẹ má fojú fo àtúnṣe. Ní 2018, glibc 2.28, apá kan nínú Linux tí PostgreSQL lè fi to ọ̀rọ̀ bí kò bá lo ICU, yí bó ṣe ń to ọ̀rọ̀ padà, index tí wọ́n ti fi ètò àtijọ́ ṣe sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù orúkọ tó wà níbẹ̀. ICU náà máa ń yí padà. REINDEX, àṣẹ tó ń tún index kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ló ń tún un ṣe.

Ọ̀fẹ́ ni SQLite àti PostgreSQL, MySQL sì ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é lẹ ń sanwó fún, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun ni yóò máa ṣe REINDEX.