Fírísà −80 (èyí tó ń tutù dé −80°C) fún yàrá ìwádìí: tòkunbọ̀ ni àbí tuntun tó ń fi gáàsì propane tutù?

Owó tí wọ́n ń dá lé tòkunbọ̀ máa ń fà wá mọ́ra, pàápàá nígbà tí owó ìwádìí kò bá tó nǹkan. Ní ti ààyè inú àti bí ó ṣe ń tutù tó, àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Iná ni kí ẹ wò. Tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ lè jẹ tó kWh 20 lójúmọ́. Tuntun tó ń lo propane àti ethane wà ní nǹkan bíi 9. Àlàfo 11 yẹn di kWh 4,015 lọ́dún. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń mú kWh 3 jáde nínú lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ló ń gbé e, lítà tó lé ní 1,300 nìyẹn, CO₂ rẹ̀ sì lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Kò tán síbẹ̀ o: gbogbo iná tí fírísà bá jẹ ló ń di ooru nínú yàrá, A/C ló máa kó o jáde, òun náà á sì jẹ tirẹ̀. Nọ́ńbà inú ìwé ẹ̀rọ kò tó gbẹ́kẹ̀ lé, torí yàrá tútù ni wọ́n ti sábà ń wọ̀n ọ́n. Ẹ béèrè iye tó ń jẹ nígbà tí yàrá bá gbóná dé 32°C. Tòkunbọ̀ ní tiẹ̀, ẹ so mítà mọ́ ọn fún wákàtí 24 lẹ́yìn tó bá ti dé −80, kí ẹ tó sanwó. Bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò bá sinmi rárá, ẹ kọ́kọ́ fọ eruku inú fílítà, kí ẹ sì gbá yìnyín kúrò lára rọ́bà ilẹ̀kùn. Bí kò bá tún sinmi, ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti jò. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ìpele méjì ni fírísà báyìí fi ń tutù, ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì ní gáàsì tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, gáàsì tí wọ́n ń pè ní R508B ló wà ní ìpele kejì. Ó ń mú ayé gbóná ju CO₂ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 13,000: gíráàmù 300 péré tó bá jò ti tó tọ́ọ̀nù CO₂ mẹ́rin. Kì í sì í ṣe gáàsì tí gbogbo oníṣẹ́ fíríìjì ń tọ́jú sí ṣọ́ọ̀bù.

Propane ń gbiná, òótọ́ ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbé iná wẹ́dà sún mọ́ páìpù kó tó fa gáàsì jáde tán. Kò sì gbọ́dọ̀ fi R404A, gáàsì fíríìjì mìíràn, dípò propane. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ náà kò bá a mu, kò ní tutù dé ibi tó yẹ.

Stabiláísà: méjèèjì nílò rẹ̀. Sólà: tuntun tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ń yí ìyára padà kì í já inverter láyà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Ariwo: tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù.

Bí iṣẹ́ yín kò bá ju oṣù díẹ̀ lọ, tí iná ìjọba sì dúró dáadáa, tòkunbọ̀ lè gbà yín sílẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi owó kún owó, kí ẹ ra tuntun. Èyí tó wù kí ẹ gbé, bí ohun tí ẹ ń tọ́jú sínú rẹ̀ bá gbà á, ẹ gbé e sí −70. Iná tó ń jẹ lè dín tó ìdámẹ́rin. Ẹ fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri.