Ẹ̀rọ tó ń fá etí koríko mi bí onígbàjámọ̀

Koríko St. Augustine kò mọ ààlà. Ẹni tó bá ń gbé agbègbè Houston bíi tèmi á mọ ohun tí mò ń sọ, torí òun ló wà níwájú ọ̀pọ̀ ilé níbí. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó tutù lójú, ṣùgbọ́n ìtàkùn ló fi ń rìn. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì léra, tí oòrùn Texas wá ràn lé e, ìtàkùn yẹn á na ọwọ́ sórí kọnkéré bí àlejò tó ní òun kàn fẹ́ fìdí kan ilẹ̀ díẹ̀. Kí oṣù kan tó pé, ó ti ń bá ẹlẹ́sẹ̀ du ọ̀nà.

Katy ni ilé mi wà, ní kọ́nà òpópónà méjì. Ẹni tó bá ra ilé kọ́nà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló rà mọ́ ọn. Mo mú tépù lọ́jọ́ kan, mo wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà 340 ni etí koríko tí mo ní láti gé, láìka ìdí òdòdó. Mówà, ẹ̀rọ tí a ń tì kiri lórí koríko, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Mówà kàn ń gé irun orí mọ́lẹ̀ ni. Etí ni a ti ń mọ onígbàjámọ̀, níbi tí abẹ ti ń fa ìlà níwájú orí. Bí wọ́n bá gé irun yín tó dọ́gba rẹ́gí, tí wọ́n wá fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní págunpàgun, ẹni tó bá rí yín á bèèrè pé ta ló ba orí yín jẹ́.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Lẹ́tà méjì ni mo gbà lọ́wọ́ wọn láàárín ọdún kan, pẹ̀lú fọ́tò koríko mi nínú rẹ̀, bí fọ́tò ọ̀daràn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo gba àwọn tó ń gé koríko kiri, 50 dọ́là lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Iṣẹ́ wọn dáa. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orí kan ìrọ̀rí ni ẹ̀rọ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́ fèrèsé. Mo ní kí n kúkú máa ṣe é fúnra mi.

Tírímà ni ẹ̀rọ ọlọ́pàá gígùn tó ń fi okùn tó ń yí gé etí koríko. Èyí àkọ́kọ́ tí mo rà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kò tó 100 dọ́là. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ọrùn lékeléke. Lọ́dún àkọ́kọ́, a jọ ń bá a yí. Nígbà tó di ọdún kejì, mo fà á títí apá fi ń ro mí, kò jí. Bó bá sì jí, okùn tó fi ń gé koríko kò ní jáde bí mo bá gbá orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní láti tú orí yẹn, sípíríìnì inú rẹ̀ á fò wọnú koríko, èmi náà á wá kúnlẹ̀ máa wá a bí ẹni tí yẹtí rẹ̀ já bọ́. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Mo fi bẹntiróòlù sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Bẹntiróòlù tí a ń rà ní ilé epo níbí ní ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù nínú, tó tó ìdá mẹ́wàá, ọtí yẹn sì ń fa omi mọ́ra. Bó bá ti lé ní oṣù kan, epo náà ti ń bàjẹ́, á sì di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kábúrétọ̀. Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ní owó iṣẹ́ òun á ju owó ẹ̀rọ lọ. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí.

Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé tírímà àwọn oníṣẹ́ ni màá rà, ìyẹn èyí tí àwọn tó ń fi gígé koríko jẹun ń lò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mo fẹ́ fi ìbọn pa eṣinṣin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé agbára ni a ń sanwó fún. Agbára kọ́. Koríko etí kọnkéré kò le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sanwó fún ni kí ẹ̀rọ jí nígbà tí mo bá fà á, kí okùn jáde nígbà tí mo bá pè é, kí n sì rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà bí nǹkan bá jẹ lọ́dún kẹrin. Ti olówó pọ́ọ́kú, wáyà tó rọ̀ ló máa ń yí nínú ọ̀pá rẹ̀ tó tẹ̀. Ti oníṣẹ́, ọ̀pá rẹ̀ gùn, ó nà tọ́ọ́rọ́, àpótí jíà kékeré wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí èèyàn lè fún ní gíríìsì. Ọ̀pá tó nà yìí wúlò fún ẹni gíga torí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wúlò fún èmi tí mo kúrú torí pé mo lè ti orí rẹ̀ wọ abẹ́ igi òdòdó láì tẹ̀.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, kì í ṣe ibi tí wọ́n kàn ń to páálí. Bàbá tó wà níbẹ̀ gbé tírímà mẹ́ta sí mi lọ́wọ́: ti ilé iṣẹ́ Stihl kan, àti ti ilé iṣẹ́ Echo méjì. Ó ní kí n dì wọ́n mú fún ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí n má sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ràn tó dáa jù tí mo gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí gbogbo wọn ló fúyẹ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Echo kékeré, SRM-225, ẹ̀ńjìnnì 21.2 cc ló ní. Ńlá, SRM-2620, jẹ́ 25.4 cc. Ọ̀pá rẹ̀ gùn tó íǹṣì 59, èmi fúnra mi kò ju 63 lọ, ẹni tó bá rí àwa méjèèjì lọ́ọ̀ọ́kán á rò pé ìbejì ni wá. Ńlá ni mo mú. Bí kò bá jẹ́ ilé kọ́nà ni, kékeré á tó mi, mi ò ní tan yín. Owó rẹ̀ sún mọ́ 400 dọ́là. Àtìlẹyìn ọdún 5 ni wọ́n ń fún ẹni tó bá fi ṣe iṣẹ́ ilé, ẹni tó bá fi ń wá oúnjẹ gba ọdún 2. Ìyẹn ti fi hàn yín iye wàhálà tí wọ́n rò pé ẹ̀rọ yìí lè fara dà.

Kí n tó gbàgbé, Houston wa yìí náà ni wọ́n ti bí tírímà olókùn. Lọ́dún 1971, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Ballas, tó ní ilé ìjó, wo bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń yí lára mọ́tò níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ó mú agolo gúgúrú, ó dá a lu, ó fi okùn ìpẹja sí i, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí. Bẹ́ẹ̀ ni Weed Eater ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń rántí agolo gúgúrú yẹn bí mo bá ń ki okùn sí tèmi.

Nípa okùn kíkì yìí, ibẹ̀ ni SRM-2620 ti gba ọkàn mi. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Speed-Feed 400. Ẹ ò ní tú nǹkan kan. Ẹ ó yí nọ́ọ̀bù rẹ̀ títí àmì méjèèjì á fi kọjú síra, ẹ ó ki okùn bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan títí á fi yọ ní èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 20, kí apá méjèèjì gùn bákan náà, ẹ ó wá máa yí nọ́ọ̀bù, okùn á máa ká ara rẹ̀ sínú bí ẹni ń ká òwú. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Sísanra okùn náà jẹ́ íǹṣì 0.095. Ẹ má ra èyí tó sanra ju bẹ́ẹ̀ lọ torí ojúkòkòrò, ẹ̀ńjìnnì ni yóò jìyà rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tí bàbá ṣọ́ọ̀bù kọ́ mi: nílọ́ọ̀nù ni okùn yìí, bó bá gbẹ jù, á máa kán pẹ́pẹ́ lára kọnkéré. Mo fi tèmi sínú kẹ́ẹ̀gì omi láti òru ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ti rọ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó jẹ tán.

Bí a ṣe ń gé etí gan-an: etí ni kí ẹ kọ́kọ́ gé kí ẹ tó fi mówà kọjá, kí mówà lè kó ìdọ̀tí rẹ̀. Ẹ yí ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí orí rẹ̀ á fi dìde dúró bí táyà kẹ̀kẹ́. Ẹ dúró lórí kọnkéré, ẹ má dúró sínú koríko. Ẹ jẹ́ kí ẹnu okùn wọ ààrin kọnkéré àti koríko bí íǹṣì kan péré. Ẹnu okùn ló ń gé, ìdí rẹ̀ kàn ń lu nǹkan ni. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń dún ṣáá-ṣáá, ó wà lórí ìlà. Bó bá dún ká-ká-ká, kọnkéré lẹ̀ ń jẹ, owó okùn yín sì ń wọlẹ̀. Ẹ má fún un ní iná dé ìparí, ìdajì tó. Ẹ rìn bí ẹni tó ń tẹ̀lé ìyàwó wọlé, láì kánjú, láì dúró. Lẹ́yìn oṣù méjì, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan á wà níbẹ̀, okùn á kàn máa bá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 340 mi ń gba ìṣẹ́jú 25. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n bá fi àdá wọn póṣọ̀n fún mi láti gé, póṣọ̀n kan ṣoṣo lè jẹ odidi àárọ̀.

Agbára rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Igi crape myrtle kékeré kan wà lẹ́bàá ọ̀nà mọ́tò mi. Mo ń fi okùn gé koríko ìdí rẹ̀ yípo, mo rò pé mo ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Èèpo rẹ̀ ni mo ń bó, díẹ̀-díẹ̀, títí ó fi yípo. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, kò yọ ewé. Nísinsin yìí, èérún igi ni mo da yí ìdí gbogbo igi tó kù ká, kí okùn má bàa ní ohun tó máa wá débẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ lo awò ojú. Òkúta tó bá fò kì í mọ dókítà yàtọ̀ sí nọ́ọ̀sì.

Ní ti epo, ọmọ Nàìjíríà kò nílò olùkọ́. Bí ẹ bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I better pass my neighbour rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n: bẹntiróòlù 50 sí ọ́ìlì 1. Níbí, ìyẹn jẹ́ áúnsì 2.6 ọ́ìlì sínú gálọ́ọ̀nù kan. Ní ìparí ọdún, màá da tó kù nù, màá fi epo inú agolo tí kò ní ẹ́tánọ́ọ̀lù sí i, màá jẹ́ kó jó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó gbé e kọ́. Agolo yẹn wọ́n bí ojú, àmọ́ láti ọdún mẹ́ta, fífà kẹta kì í kọjá kó tó jí.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ mi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Wọ́n gbé àga sí ẹnu gáréèjì, wọ́n ń wò mí. Bí èéfín àkọ́kọ́ ṣe jáde, wọ́n ní, "Bọ́sẹ̀, òórùn alẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó nìyí." Wọ́n tún bèèrè pé ṣé a ń jẹ koríko náà ni. Mo ní rárá, Màmá. Ṣé à ń tà á ni? Mo ní ẹ̀yin náà, ta ló máa rà á? "Ẹ̀ ń bu omi rin ín, ẹ̀ ń ra ajílẹ̀ fún un, bó bá wá hù tán, ẹ tún ń fi epo gé e. Ẹ ò sì gba ewúrẹ́ láyè." Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹni tí etí koríko rẹ̀ kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ, kó má ra èyí. Kó ra alábátìrì, kó sùn dáadáa, kí àwọn ará ilé rẹ̀ náà sùn. Ẹni tí ọwọ́ tàbí èjìká bá ń dùn, kó lọ dì í mú fún ìṣẹ́jú márùn-ún bí mo ti ṣe, torí bí epo bá kún inú rẹ̀, òṣùwọ̀n balùwẹ̀ mi ní ó tó pọ́un 14. Ariwo rẹ̀ náà ń gba ohun ìbotí. Ìwọ̀nyí kò yọ ẹ̀rọ elépo kankan sílẹ̀.

Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ìdọ̀tí lọ mọ́ ọn, Màmá kọ̀. Wọ́n fa ìgbálẹ̀ yọ nínú àpótí wọn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe gbé e kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbá gbogbo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ méjèèjì mọ́. Wọ́n fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n ń lọ. Ara ògiri gáréèjì ni mo gbé e kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Echo. Òun kì í gba ọ́ìlì.