Ilé Alámàlà Kan ní Gàríkì Tó Rántí Ẹni Tó Ń Fẹsẹ̀ Rìn

Àmàlà ibẹ̀ dára. Ó ń gbóná, kò ní kókó, gbẹ̀gìrì wọn kò ṣàn bí omi, ewédú náà sì yọ̀ dáadáa. Àwo kan pẹ̀lú ṣàkì àti ògúnfe ná mi ní ₦3,500. Ó tó bẹ́ẹ̀ nípa oúnjẹ, nítorí iwájú ilé náà gan-an ni mo fẹ́ yìn.

Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní Àbújá ló ti sọ gbogbo iwájú wọn di ibi ìgbọ́kọ̀sí, débi pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ wá yóò máa yọ́ rìn láàárín àwọn mọ́tò tó ń fẹ̀yìn rìn kí ó tó rí ẹnu ọ̀nà. Ìyá tó ni ilé alámàlà yìí, nítòsí Area 1 tí sẹkitéríàtì àtijọ́ wà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ máa gbé ọkọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó fi ìńtálọ́ọ̀kì tẹ́ iwájú dé etí títì, ó da símẹ́ǹtì bo gọ́tà tó la ẹnu sílẹ̀, ó sì gbé bẹ́ǹṣì mẹ́ta sábẹ́ igi dóńgóyárò méjì tí kò gbà kí wọ́n gé. Kò sí àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn wọlé lójú mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dì í mú. Nígbà tí mo bi ìyá náà léèrè ìdí tó fi náwó báyìí, ó ní: “Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jẹun níbí fi ń wá. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n já sí gọ́tà ni?”

Títì ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún ṣe. Nínú ètò ìlú tí wọ́n parí ní 1979, wọ́n fa títì Àbújá fẹ̀ gidigidi fún mọ́tò, àti láti ọdún 2006 tí wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní mọ́tò ń fi parí ìrìn àjò wọn. Ní Ìbàdàn tí wọ́n bí mi sí, à ń rìn láti Máàpó lọ sí Ọjàaba, a ó sì ti kí ogún ènìyàn kí a tó dé ibẹ̀. Níbí, èmi àti obìnrin kan tó pọn ọmọ dúró nínú oòrùn oṣù Kẹta fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí a tó rí àlàfo tí a lè sá gbà sọdá. Ó dùn mí gan-an pé ọmọ ọwọ́ ni a gbé sáré báyẹn, nítorí oúnjẹ ọ̀sán lásán. Bí wọ́n bá kun ìlà funfun síbẹ̀, tí wọ́n gbé iná kan tó lè dá ọkọ̀ dúró, ẹ̀rù ibẹ̀ yóò dín kù.

Wọ́n ń ṣí láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àfi ọjọ́ Àìkú. Bí ẹ bá wọ tasí, ẹ ní kí awakọ̀ já yín sí ìhà tí ilé oúnjẹ náà wà, kí ẹ má baà sọdá.