Àárín Ìlú àbí Ọ̀nà Ẹdẹ: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé ní Ilé-Ifẹ̀

Ohun tí ó kọ́kọ́ ya àárín ìlú, bí Ìlódè àti Ìrẹ̀mọ, sọ́tọ̀ kúrò lára Ọ̀nà Ẹdẹ, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pọ̀ sí, ni ẹni tí ó ni ilẹ̀.

Ní àárín ìlú, orí ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilé wà. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni ọjà náà lábẹ́ òfin. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá sì tà á láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ẹ̀ka yòókù, wọ́n lè pe ẹjọ́ kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Nítorí náà, ẹ má san kọ́bọ̀ títí gbogbo ẹ̀ka yóò fi buwọ́ lùwé, bí wọ́n bá tilẹ̀ ti fi obì ṣàdúrà fún yín. Ní Ọ̀nà Ẹdẹ, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sáábà ń ta ilé, ṣùgbọ́n ẹ wádìí ọwọ́ ẹni tí òun náà ti ra ilẹ̀. Bí ó bá ní C of O, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba, ẹ óò gba ìyọ̀ǹda gómìnà lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, Òṣogbo ni ẹ óò sì ti lọ yẹ ìwé náà wò.

Owó ayálégbé ni ó ń fa àwọn olùrà lọ sí Ọ̀nà Ẹdẹ. Ó dára, àmọ́ ẹ rántí pé nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá 2022, ilé-ìwé dákẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ fi owó ilé san gbèsè gbọ́dọ̀ ro irú oṣù bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó fẹ́ gbé inú ilé náà fúnra rẹ̀, kí ó lọ síbẹ̀ lálẹ́ kí ó gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ àti orin. Lójú tèmi, àárín ìlú ni ó yẹ àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, bí mọ́tò bá lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ní ibi méjèèjì, ẹ béèrè ìsọ̀rí iná wọn (Band, ìyẹn ìpín tí ilé-iṣẹ́ iná fi àdúgbò sí gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tí ó yẹ kí ó máa rí) lọ́wọ́ ayálégbé, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà. Ó kéré tán, wákàtí 20 lójúmọ́ ni ó yẹ kí ìsọ̀rí A máa rí, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹrin 2024, owó rẹ̀ wọ́n ju ti àwọn yòókù lọ gan-an. Ẹ yẹ kànga wò ní oṣù Kejì, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹ sì wo ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò ńlá. Bí ẹni tí ó ń tà á bá ń kán yín lójú kí ẹ sanwó kí òjò tó dé, ẹ ní kí ó dúró.