Sítáǹpù lásán fún lẹ́tà àti ẹrù kékeré tó ń lọ sókè òkun: ó dáa gan-an, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo nǹkan

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tààrà o. Tó bá jẹ́ lẹ́tà, káàdì, fọ́tò tàbí bébà mélòó kan lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sókè òkun, mi ò tíì rí ohun tó dáa tó sítáǹpù lásán. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ jù ú sínú àpótí lẹ́tà, ó parí nìyẹn, kò sí pé ẹ̀ ń forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù kankan, kò sí pé ẹ̀ ń dúró de ẹni tó máa wá gbé e, owó ẹ̀ ò sì súnmọ́ èyí táwọn kúríà ń gbà rárá. Ọ̀rọ̀ ẹrù ló ti wá yàtọ̀ báyìí, màá dé bẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé sítáǹpù tẹ́ ẹ rà níbi tẹ́ ẹ wà ló máa gbé lẹ́tà yẹn dé ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ì báà jẹ́ orílẹ̀-èdè mélòó ló gbà kọjá, onítọ̀hún ò ní san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Láyé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ o, ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ń bá èkejì ṣe àdéhùn tiẹ̀, ọ̀nà tí lẹ́tà bá gbà ló ń pinnu iye tí wọ́n máa gbà, àfìgbà tí wọ́n pàdé nílùú Bern ní Switzerland lọ́dún 1874 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ lẹ́tà láàárín orílẹ̀-èdè sílẹ̀, èyí tá a mọ̀ sí Universal Postal Union lónìí. Orílẹ̀-èdè 192 ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo ka ìyẹn sí nǹkan ńlá, tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́.

Ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Níbi púpọ̀, 20 gíráàmù ni owó tó kéré jù ń gbé, bébà A4 kan sì tó nǹkan bíi 5 gíráàmù, torí náà tẹ́ ẹ bá ti ki bébà mẹ́ta sínú ẹ́ńfílóòpù kékeré, ẹ ti dé ẹnu ààlà. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi sítáǹpù kún un, iye ara wọn là ń rò pọ̀, kò pọn dandan kó jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ tò wọ́n sápá ọ̀tún lókè, ẹ má to ọ̀kan gun èkejì, ẹ má sì lẹ sẹ́lótéèpù bò ó torí ọ̀pọ̀ ibi ni wọn kì í ka irú ẹ̀ sí owó tẹ́ ẹ san. Ohun líle bíi kọ́kọ́rọ́ kò yẹ nínú ẹ́ńfílóòpù pélébé rárá, ẹ̀rọ tó ń ṣa lẹ́tà máa fà á ya.

Ẹrù kékeré wá ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ ju 2 kílò lọ, tẹ́ ẹ bá ro gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn ẹ̀ pọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 90 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù kò sì gbọ́dọ̀ ju 60. Fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní CN22 ló máa wà lára ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹrù ti ń há. Ẹ má kàn kọ “ẹ̀bùn” síbẹ̀, ẹ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ gan-an, “ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, méjì, òwú”, ẹ kọ ìwọ̀n àti iye owó ẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ sì kọ déètì. Yàtọ̀ síyẹn, láti 2021, àwọn orílẹ̀-èdè ń béèrè pé kí ìsọfúnni ẹrù ti dé ọ̀dọ̀ wọn lórí kọ̀ǹpútà kí ẹrù fúnra ẹ̀ tó dé, torí náà pé kéèyàn lẹ sítáǹpù mọ́ páálí kó jù ú sínú àpótí lẹ́tà, ìyẹn ti ń tán lọ. Ní Amẹ́ríkà, látọdún 2018 ni wọ́n ti sọ pé ìwé nìkan ló lè wà nínú ẹ́ńfílóòpù lẹ́tà tó ń lọ sókè òkun. Ẹ gbé ẹrù yín lọ sí káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n ti fẹ́ fi ipá ta èyí tó wọ́n jù fún mi níbì kan rí, inú bí mi gan-an, ẹ ṣáà béèrè iye èyí tówó ẹ̀ kéré jù, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ibi tí sítáǹpù lásán ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè tọpasẹ̀ ẹ̀, tó bá sọ nù ó sọ nù nìyẹn. Ìwé ẹ̀rí tàbí ìwé ilé, ẹ má fi ránṣẹ́ báyẹn láé, ẹ sanwó rẹ́jísítà kún un, ìyẹn ni pé kí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á lẹ nọ́ńbà kan mọ́ ọn tó máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R, álífábẹ́ẹ̀tì méjì níwájú, nọ́ńbà mẹ́sàn-án láàárín, álífábẹ́ẹ̀tì méjì tó dúró fún orílẹ̀-èdè yín lẹ́yìn. Ẹ ya fọ́tò rísíìtì yẹn lójú ẹsẹ̀, torí yíǹkì ara ẹ̀ tètè máa ń ṣá.