MRI ọkàn láìgba abẹ́rẹ́: ẹ bi wọ́n dáadáa kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe MRI ọkàn, àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ olóòfà yà, ti àkọ́kọ́ sì jẹ mí lówó gbé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Iléṣà ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá ni ìkọlù ọkàn gbé mi ṣánlẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà sì ti ba kíndìnrín mi jẹ́ ṣáájú, dókítà tí mò ń rí ní Ifẹ̀ bá ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n gún mi ní gadolinium. Abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n sábà máa ń lò: ó máa ń há síbi tí iṣan ọkàn ti kú, tó bá tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ibẹ̀ á funfun nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n kíndìnrín tó ti rẹ̀ kì í tètè lé e jáde. Awọ àwọn kan ti tìtorí ẹ̀ le gbagidi.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ l'Ékòó ní àwọn ń ṣe é láìsí abẹ́rẹ́. Agbowó wọn dúró tì mí bí Òṣómàáló, èmi Ìjẹ̀ṣà gan-an! Bí ọkàn ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n yà. Èsì: ọkàn mi ò lágbára tó. Ṣé mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Wọn ò sọ ibi tí àpá wà.

Ibi kejì ló ní T1 mapping àti T2 mapping, òun sì ni kókó. Òòfà ẹ̀rọ náà àti ìgbì rédíò á ta omi inú ara jí, wọ́n á wá ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà sípò; ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kà á, T1 àti T2. Níbi tó ní àpá tàbí tó wú, T1 máa ń pẹ́ ju ti ẹran ara tí kò lárùn. T2 ló máa ń fi wíwú hàn. T2 tèmi dáa, T1 ga ní ògiri iwájú ọkàn: àpá ni, kì í ṣe wíwú.

Ariwo ẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀rọ ìlọta lọ, bí wọ́n tilẹ̀ dí mi létí. "Bàbá, ẹ mí sínú, ẹ mí síta, ẹ má mí mọ́!" Mi ò mọye ìgbà. Nígbà kan mo húkọ́, wọ́n tún un yà láìbínú.

Dókítà ò jẹ́ kí n yọ̀ jù. Àpá kékeré lè sá mọ́ T1 mapping lójú, ọ̀rá inú àpá àtijọ́ sì lè fa T1 wálẹ̀ kó dà bíi pé kò sí nǹkan. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ dáa, ó ní kó gba abẹ́rẹ́. Nọ́ńbà T1 àti T2 láti inú ẹ̀rọ 1.5 tesla (tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà) ò sì ṣeé fi wé ti 3 tesla, nítorí náà bí mo bá fẹ́ tún un yà, ibẹ̀ náà ni mo gbọ́dọ̀ padà sí.

Mo fún wọn ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹwù tí wọ́n ní kí n wọ̀ ló jẹ ìkan tó kù: kò bo ìdí. Ìyá Fúnmi ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín di òní.