Kíkọ́ Hẹlikópítà Onírìmóòtù Lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ kọ́kọ́ ra hẹlikópítà onírìmóòtù ni o, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ wá ẹgbẹ́ àwọn tó ń fò ó, ẹgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni mo ti ń bá ẹgbẹ́ kan fò ní apá Mọ́níyà. Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ènìyàn, ibi tí wọ́n ti dára gan-an, àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wa ló ń pe hẹlikópítà wa ní drónù. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Drónù alábẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó, ẹ lè mú ọwọ́ kúrò lára rìmóòtù rẹ̀ kó sì dúró sójú kan, nítorí GPS àti kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Hẹlikópítà kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ ńlá òkè bá ti ń yí sí apá kan, ara hẹlikópítà fúnra rẹ̀ yóò fẹ́ yí sí òdìkejì, abẹ̀bẹ̀ kékeré ìrù ló ń dá a dúró. Ọwọ́ méjèèjì yín ló sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ pa pọ̀. Ní Mode 2 tí ẹgbẹ́ wa ń lò, ìyẹn bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ fún ọ̀pá méjì orí rìmóòtù, ọwọ́ òsì ló ń gbé e lọ sókè sódò tó sì ń yí imú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń tì í síwájú sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì. Dídúró sójú kan lófurufú dà bí ìgbà tí ènìyàn ru garawa omi tó kún dé ẹnu láì fọwọ́ dì í: títún un ṣe kò lè dáwọ́ dúró, bó ti wù kó kéré mọ.

Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í jẹ́ kí ẹni tuntun gbé nǹkan kan fò lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ dé. Abẹ́ igi ni wọ́n ní kí n jókòó sí, wọ́n fi okùn USB so rìmóòtù mọ́ láptọ́ọ̀pù, wọ́n sì ṣí símúlétọ̀, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ bí a ṣe ń fò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ràn apá yìí, wọ́n ní gẹ́ẹ̀mù lásán ni. Èmi sọ pé apá tó sàn jù lọ nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Bí hẹlikópítà inú láptọ́ọ̀pù bá já lulẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ó tún dìde. Ní pápá, abẹ̀bẹ̀ tuntun lẹ máa rà.

Ohun tí wọ́n ń fi símúlétọ̀ kọ́ yín ni ìhà tí hẹlikópítà kọ sí. Nígbà tí ìrù rẹ̀ bá kọjú sí yín, ọ̀tún yín ni ọ̀tún rẹ̀, ó rọrùn. Wọ́n á wá ní kí ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ kí imú rẹ̀ kọjú sí yín, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ó ń lọ sí apá òsì yín, ẹ sì fẹ́ dá a padà, ọwọ́ yín á ti ọ̀pá sí ọ̀tún bó ṣe máa ń ṣe, hẹlikópítà á sì túbọ̀ sá lọ sí òsì. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa fún wa ní ọgbọ́n kan: tí imú bá kọjú sí ọ, ibi tó ń ṣubú lọ gan-an ni kí o ti ọ̀pá sí, bí ẹni fi igi ti ògiri tó fẹ́ wó. Ọgbọ́n yẹn gbé mi kọjá ibi tó le jù.

Nígbà tó yá, ó dé orí hẹlikópítà gidi. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Nínú èyí àkọ́kọ́, bíi WLtoys V911 oní-chánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin (chánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣẹ kan tí rìmóòtù ń fún un), igun abẹ̀bẹ̀ kì í yí padà, eré mọ́tò, ẹ̀rọ tó ń yí abẹ̀bẹ̀, nìkan ló ń gbé e sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò wọ́n, inú pálọ̀ ló sì dára fún, ṣùgbọ́n atẹ́gùn Ìbàdàn lásán lè gbé e lọ. Nínú èkejì, tí àwọn ará ẹgbẹ́ ń pè ní CP (collective pitch), igun tí abẹ̀bẹ̀ fi ń gé afẹ́fẹ́ ló ń yí padà. Àwo roboto kan tó wà lábẹ́ abẹ̀bẹ̀, tí a ń pè ní swashplate, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó ń dáhùn kíákíá, ó lè fò ní ìdojúdé pàápàá.

XK K110 ni ẹgbẹ́ wa ń lò fún akẹ́kọ̀ọ́, mo sì fara mọ́ ọn. CP kékeré oní-chánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ni. Síwíìṣì kan wà tó ń mú un láti 6G lọ sí 3D: ní 6G, bí ẹ bá fi ọ̀pá ọ̀tún sílẹ̀, yóò tún ara rẹ̀ ṣe, kò ní tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní 3D, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Ó fúyẹ́, torí náà bó bá já sórí koríko, ó sábà máa ń dìde láìfarapa, pàápàá bí ẹ bá ti pa mọ́tò kó tó kanlẹ̀.

Ibi tí mo ti rí i pé owó ẹgbẹ́ kò ṣòfò ni rìmóòtù méjì tí wọ́n so pọ̀. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá tẹ síwíìṣì orí tirẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi ni mò ń wa hẹlikópítà. Bó bá rí i pé ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, á jọ̀wọ́ rẹ̀, ó di tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń sá lọ o!”

“Mo ti gbà á. Fọkàn balẹ̀. Gbé e padà.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbọ́ jù ní pápá yẹn. Fídíò kankan kò lè ṣe èyí fún yín.

Wọ́n le lórí ọ̀rọ̀ ààbò, mo sì yìn wọ́n. Rìmóòtù lẹ máa kọ́kọ́ tàn, kí ẹ tó so bátìrì. Tí ẹ bá parí, bátìrì lẹ máa kọ́kọ́ yọ. Ẹ gbé hẹlikópítà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ má fọwọ́ kàn án títí jáírò inú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ bó ṣe ń yí, yóò fi parí ìmúra rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń pé lé wa lórí, àwọn ará ẹgbẹ́ sì ti fa okùn tí àwọn ọmọ náà kò gbọdọ̀ kọjá. Kì í ṣe àṣejù. Hẹlikópítà 450 (orúkọ ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn) tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń fò, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gùn tó 325 mìlímítà, bó bá sì ń yí ní ìgbà 2500 láàárín ìṣẹ́jú kan, eré ẹnu abẹ̀bẹ̀ náà ju 300 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ó lè pa ènìyàn.

Bátìrì náà fẹ́ ìtọ́jú. LiPo ni irú bátìrì tí à ń lò, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ju 4.2 fólítì lọ bó bá kún, kò sì yẹ kó lọ sílẹ̀ ju 3 lọ. Bí ẹ kò bá ní fò fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi í sí nǹkan bíi 3.8. Ẹ má ṣe fi sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí oòrùn ń pa, ẹ má ṣe fi sí ẹnu iná kí ẹ sùn lọ de ìgbà tí iná ìjọba bá dé lóru. Èyí tó bá ti wú, ẹ má ṣe fi agbára sí i mọ́. Ní pápá, bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oní 12 fólítì la ti ń fi agbára sínú wọn.

Lórí òfin, wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ohun tí a bá ń fi rìmóòtù fò ní Nàìjíríà kan NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, àti ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò orílẹ̀-èdè, àti pé kí n má fò nítòsí pápákọ̀ òfurufú Alákìà láéláé. Ẹgbẹ́ tí kò bá sọ èyí fún yín, ẹ rọra fi wọ́n sílẹ̀.

Àléébù wọn wá ńkọ́? Láàárọ̀ Sátidé, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n fò máa ń gba ojú òfurufú jù, akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó dúró títí atẹ́gùn á fi dìde, ìgbà tó sì dára jù fún ẹni tó ń kọ́ ti kọjá lọ nìyẹn. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n ya wákàtí àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún wa. Wọn kò tíì ṣe é. Ibẹ̀ tún jìnnà: láti Bódìjà, ẹ máa wọ máíkírà dé Òjòó, ẹ tún wọ òmíràn dé Mọ́níyà, kí ẹ tó wá ọ̀kadà, pẹ̀lú àpótí hẹlikópítà lórí itan. Wíwá ẹ̀yà ara hẹlikópítà tí a ó fi rọ́pò ló burú jù. Láti Ṣáínà ló ti ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni a fi ń dúró dè é, àwọn òǹtajà míì kì í sì fẹ́ kó bátìrì LiPo sínú bàálù nítorí òfin ẹrù tó lè gbiná. N kò kọ iye owó síbí, torí dọ́là kì í jẹ́ kó dúró sójú kan. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹ ra abẹ̀bẹ̀ àpọ̀jù àti bátìrì méjì sí mẹ́ta lọ́jọ́ tí ẹ bá ra hẹlikópítà fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wá, ẹ dé kí aago méje àárọ̀ tó lù, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ mú fìlà àti omi dání. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ mú aṣọ tí ẹ máa fi bo hẹlikópítà, torí eruku máa ń wọ inú bíárì tó ń jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yí geere. Ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ sì ní kó fi rìmóòtù méjì tó so pọ̀ hàn yín kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀.